Kẹ̀kẹ́ Méjì Tí Mo Tò Lájà Kẹjọ

Kẹ̀kẹ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi tò ní Johannesburg lọ́dún 2009, mo gùn ún láti Joubert Park dé Ìlá Ọ̀ràngún láàárín ìgbà tí iṣu fi ń jinná. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí mo gbéra, ìyá ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iṣu kaná ni. Nígbà tí mo dé, ó ní kí n dúró díẹ̀, pé àárín rẹ̀ ṣì le. Mo gba orí odò kan tó fẹ̀ ju ìlú wa lọ kọjá, omi kò tọ́ mi ní bàtà. Kìnnìún kan sáré tẹ̀ lé mi títí, ó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó. Àwọn aṣọ́bodè ń nawọ́ gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ká ọwọ́ kò, mo ti wọ orílẹ̀-èdè kejì. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi kìnnìún yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in dáadáa, nítorí ohun tó kù nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀rín inú rẹ̀ kò pọ̀.

Iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ títúnṣe ni mo kọ́. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí bàbá mi tó fà mí lé ọ̀gá lọ́wọ́. Abẹ́ igi odán kan ni mo ti ṣiṣẹ́ fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Kò sí tíṣà, kò sí ẹlẹ́mu, kò sí olóko lágbègbè wa tí mi ò bá dí táyà. Ìgbà tó yá ni ọ̀kadà dé. Ọ̀kadà kò pa mí lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ló ń pa mí. Ọ̀sẹ̀ kan wà tí mo jókòó lábẹ́ odán láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, ewúrẹ́ kan ṣoṣo ló yà sọ́dọ̀ mi, ó sì jẹ páálí tí mo fi ṣe ìjókòó. Ìyẹn kì í ṣe irọ́.

Ìyàwó mi ló ní ká máa lọ. Ìyá Rónkẹ́ ni gbogbo ayé ń pè é, torí Rónkẹ́ lorúkọ ọmọ wa obìnrin. Èmi máa ń pè é ní Àbẹ̀kẹ́ bí inú mi bá dùn, tàbí bí mo bá jẹ̀bi. Ìbátan rẹ̀ kan ti ń gbé ní Joburg. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà náà.

Mo ní, "Àgbàlagbà wo ló ń ṣí lọ sílùú onílùú?"

Ó ní, "Àgbàlagbà tí ewúrẹ́ ń jẹ ìjókòó rẹ̀ ni."

Bí a ṣe lọ nìyẹn.

Yàrá kan la rí gbà, lájà kẹjọ ilé gíga kan ní Joubert Park. Pátákó ni wọ́n fi dá fúláàtì náà sí mẹ́ta. Bí ẹni tó wà lódìkejì bá sín, àwa náà á nu imú. Ẹ̀rọ tó yẹ kó máa gbé èèyàn ròkè ti kú kí a tó dé, wọn ò sì sin ín. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń da ìdọ̀tí sí. Oṣù kẹfà tó jẹ́ ìgbà òjò nílé, òtútù ni níbẹ̀, irú òtútù tó ń wọ inú eyín. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó mú mi, mo rò pé àìsàn ni. Mo wọ kóòtù lé sùtánà tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo tún wọ sùtánà Ìyá Rónkẹ́ lé kóòtù náà. Ó wò mí, ó ní kí n má ṣe dúró sójú fèrèsé kí àwọn èèyàn má baà bẹ̀rẹ̀ àdúrà nísàlẹ̀.

Ṣùgbọ́n òtútù kọ́ ló dùn mí jù. Ìkíni ni. Lábẹ́ odán, ẹ kú iṣẹ́ ni, ẹ kú ìjókòó ni, ẹ kú oòrùn ni, ẹ kú àìríṣẹ́ṣe pàápàá. Bí mo bá ń dí táyà, ẹni tó ń kọjá mọ̀ pé mò ń dí táyà, á sì kí mi fún un. Àwọn ará Joburg náà ń kíra wọn, ìkíni wọn sì dùn létí, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó rí ohun tí mò ń ṣe lọ́wọ́. Mo lè gbálẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ kí ẹnikẹ́ni má kí mi kú ilẹ̀ gbígbá. Bí ó bá ti pẹ́ tí wọn ò kí èèyàn fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé òun ò ní ọwọ́.

Ilẹ̀ gbígbá náà niṣẹ́ mi, ní ilé iṣẹ́ kan ní Doornfontein tí wọ́n ti ń ṣe ilẹ̀kùn irin àti irin ojú fèrèsé. Mo ń gbálẹ̀, mo tún ń fi fáìlì ra ojú ibi tí wọ́n bá ti jó irin pọ̀. Armando ló ń jó irin. Ará Mòsáńbíìkì ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. "Madala" ló ń pè mí, orúkọ tí wọ́n ń pe àgbàlagbà níbẹ̀. Ìyá Rónkẹ́ ní tirẹ̀ ń tọ́jú ìyá arúgbó òyìnbó kan ní Orange Grove, ọ̀nà tó gùn, tó sì jẹ́ òkè. Ó ń wọ taxi lọ, ó ń wọ taxi bọ̀. Taxi tiwọn, bọ́ọ̀sì kékeré ni. Ìka ọwọ́ lèèyàn fi ń bá awakọ̀ sọ ibi tó ń lọ, Ìyá Rónkẹ́ sì ti mọ gbogbo ìka náà kí èmi tó mọ ẹyọ kan.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2008 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lé àjèjì. Mo dúró lójú fèrèsé wa lọ́jọ́ kan, mo rí ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin kan nísàlẹ̀. Mi ò ní sọ ọ́. Ẹ mọ̀ pé mo máa ń fi irọ́ kún ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n èyí kò gba irọ́, kò sì gba òótọ́. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti sùn, màá ké. Aládùúgbò á fi ìkúùkù gbá pátákó, Ìyá Rónkẹ́ á fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu.

Rónkẹ́ pè wá láti ilé.

"Bàbá mi, wọ́n ní wọ́n ń dáná sun èèyàn níbẹ̀."

"Ẹran ni wọ́n ń sun. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń sun ẹran níbí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ rédíò yìí sá."

"Ẹ fún màmá ní fóònù."

Mo wo màmá. Ó ti kọjú sí ògiri. Mo ní, "Màmá rẹ ń jẹ nínú ẹran náà lọ́wọ́."

Oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí a rò pé ó ti rọlẹ̀, Ìyá Rónkẹ́ wọ taxi, ìjókòó iwájú nìkan ló ṣẹ́kù. Ẹni tó bá jókòó síwájú ni àwọn tó wà lẹ́yìn máa ń na owó ọkọ̀ sí, òun ni yóò kó o jọ, òun ni yóò fún wọn ní ṣéńjì. Obìnrin kan bá a sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ní èdè Zulu, ọ̀rọ̀ gígùn. Kò gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wá fi ọwọ́ kan ìgbọ̀nwọ́ ara rẹ̀.

"Mama, kí ni wọ́n ń pe èyí?"

Gbogbo ọkọ̀ mọ ohun tí ìbéèrè yẹn túmọ̀ sí. Òun ni àwọn tó ń lé àjèjì fi ń dán èèyàn wò lójú títì. Ẹni tí kò bá lè fi Zulu pè é, àjèjì ni, wọ́n á sì mọ ohun tí wọ́n máa ṣe fún un. Ìyá Rónkẹ́ sọ fún mi pé òun mọ ọ̀rọ̀ náà. Ó ti kọ́ ọ ṣáájú, ó ti ń wí i lọ́kàn bí ẹsẹ Bíbélì. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bi í, ìgbọ̀nwọ́ nìkan ló kù lórí ahọ́n rẹ̀.

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Mo kàn ń ṣeré ni, Mama. Shap, kò sí wàhálà."

Nígbà tí ọkọ̀ dúró ní róbọ́ọ̀tì, iná ojú pópó tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, Ìyá Rónkẹ́ kó owó àwọn èrò lé orí ìjókòó, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Láti ọjọ́ yẹn, kò wọ taxi mọ́. Ẹsẹ̀ ló fi ń lọ, ẹsẹ̀ ló fi ń bọ̀, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Orúnkún ọ̀tún rẹ̀ wú bí ọmọ odó. Mo máa ń fi òrí ra á fún un lórí bẹ́ẹ̀dì, òun á máa wo àjà.

Ọjọ́ kan tí mò ń ra orúnkún yẹn, ó ní, "Bàbá Rónkẹ́, bí òtútù ọdún tó ń bọ̀ bá bá mi lórí ìrìn yìí, ilé ni mò ń lọ. Pẹ̀lú yín ni o, láìsí yín ni o."

Kò gbé ohùn sókè. Ìyá Rónkẹ́ kì í gbé ohùn sókè sí ohun tó bá ti pinnu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan kí ẹ lè mọ bí ẹ̀rù ṣe bà mí tó. Orí kẹ̀kẹ́ ni mo ti fẹ́ obìnrin yìí. Mo ní kẹ̀kẹ́ dúdú kan nígbà èwe wa, mo sì máa ń fi gbé e láti Ìlá lọ sí ọjà Òkè-Ìlá. Orí kàríà lẹ́yìn mi ló máa ń jókòó sí, ẹsẹ̀ méjèèjì lápá kan, ọwọ́ kan lára agbọ̀n, ọwọ́ kejì ní bẹ́líìtì mi. Bí a bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, á fi iwájú orí ti ẹ̀yìn mi. Gbogbo ìfẹ́ tí a fẹ́ra kò ju ìyẹn lọ, ó sì tó. Mi ò tíì dá sùn nínú yàrá rí láti ìgbà tí mo ti gbé e wọlé. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Mo ní, "Màá to kẹ̀kẹ́ fún ọ. Kẹ̀kẹ́ méjì. Èmi níwájú, ìwọ lẹ́yìn. Màá sìn ọ́ dé ẹnu ọ̀nà ìyá òyìnbó, màá sì padà síbi iṣẹ́ mi."

Ó wò mí fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó dáa." Mo ka wíwò yẹn sí ayọ̀.

Àwọn ọkùnrin kan wà ní Joburg tí wọ́n ń fa páálí àti ike kiri ojú títì lórí kẹ̀kẹ́ ẹrù láti lọ tà. Mo bá wọn dá a pé èmi yóò máa tún táyà kẹ̀kẹ́ ẹrù wọn ṣe, kí àwọn máa gbé òkú báísíkù tí wọ́n bá rí wá fún mi. Láàárín oṣù mélòó kan, òkú báísíkù mẹ́tàlá ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa. Ó dáa, méje. Sátidé ni mo fi ń tú wọn, àti òwúrọ̀ kí n tó lọ síṣẹ́.

Mo ní kí Ìyá Rónkẹ́ bọ́ bàtà, kó dúró lórí ìwé ìròyìn. Mo mú téèpù télọ̀, mo kúnlẹ̀, mo wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ìbàdí dé gìgísẹ̀. Mo wọn apá rẹ̀ láti èjìká dé ọrùn ọwọ́. Mo wọn àtẹ́lẹwọ́.

"Bàbá Rónkẹ́, ṣé pósí lẹ fẹ́ kàn fún mi ni?"

"Pósí ò ní táyà."

"Níbí yìí, ta ló mọ̀."

Irin òkè tó máa ń dá aláṣọ ìró lẹ́kun, mo gé e kúrò, mo tẹ òmíràn wálẹ̀ bí ọrùn lékeléke tó ń mumi. Ìka Ìyá Rónkẹ́ ti ń ro ó nítorí aṣọ tó ń fọ̀, nítorí náà mi ò fi bíréèkì ọwọ́ sí i. Mo wá irú táyà ẹ̀yìn tó jẹ́ pé bí èèyàn bá fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà sẹ́yìn, á dúró. Mo rin ọ̀nà Orange Grove lẹ́ẹ̀mejì, mo ka òkè tó wà níbẹ̀, mo sì wá irin eléyín ńlá tí ṣéènì máa gùn lẹ́yìn, kí orúnkún rẹ̀ má baà ṣe wàhálà. Ìkòkò ìrẹsì ni mo rẹ ṣéènì sí nínú kẹrosíìnì. Mo fọ̀ ọ́ o, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì ni ìrẹsì wa fi ń rùn bí àtùpà.

Mo ní, "Ìrẹsì yìí ń rùn."

Ó ní, "Ẹ máa jẹ ẹ́. Kẹ̀kẹ́ yín náà ti jẹ nínú rẹ̀."

Àkókò oúnjẹ ọ̀sán ni Armando bá mi jó irin rẹ̀ pọ̀. Nígbà tó parí, ó ṣí gíláàsì ojú rẹ̀, ó gbé e yí wò.

"Madala, ta ló ni èyí?"

"Ìyàwó mi."

"Eish. Obìnrin tí wọ́n bá ṣe irú èyí fún, kò ní fi ẹ́ sílẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò sọ ohunkóhun fún Armando nípa òtútù ọdún tó ń bọ̀. Mo kàn ní kó bá mi di irin náà mú díẹ̀ sí i.

Táyà ni mo máa ń so kọ́ irin kọ́tìnì, tí màá máa yí i, tí màá máa fún sípóòkì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ya ìrun orí ọmọ, títí yóò fi máa yí láìmi orí. Mo máa ń wò ó, mo máa ń ronú. Rímù yìí, mi ò mọ ìlú tó ti wá. Pẹ́dà yìí jẹ́ ti báísíkù ọmọ òyìnbó kan, fọ́ọ̀kì yìí ti wà nínú kòtò. Kò sí èyí tí wọ́n bí pọ̀. Síbẹ̀ bí mo bá ti fún gírísì sí wọn, wọ́n gbà láti máa yí pọ̀, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń pe ìgbọ̀nwọ́. Mo jowú wọn. Mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì lájà kẹjọ, àgbàlagbà bíi tèmi, mo ń jowú irin.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn, oorun padà sójú mi. Igbe tí mò ń ké tán. Aládùúgbò pàápàá béèrè lọ́wọ́ Ìyá Rónkẹ́ bóyá mo ti rìnrìn àjò.

Ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà ló gbà mí lákòókò jù. Inú ìjókòó taxi kan tí wọ́n sọ nù ni mo ti rí fóòmù. Ìró àdìrẹ rẹ̀ kan tó ti ya ni mo fi bò ó; abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán àpò ni mo fi rán an, ìlọ́po mẹ́ta. Mo ní kó dìde, kí n fi ọwọ́ wọn ibi tí yóò fi jókòó.

Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá yìí. Pẹ̀lú ọdún tó ti wà lórí yín."

Tèmi, ohun tó ṣẹ́kù ni mo fi tò ó. Táyà iwájú tóbi ju ti ẹ̀yìn lọ, bí mo bá gùn ún, ó dà bíi pé mò ń gun òkè nígbà gbogbo. Mo kùn ún ní àwọ̀ ewé. Tirẹ̀, mo kùn ún ní àwọ̀ aró, kó bá ìjókòó rẹ̀ mu.

Gbogbo ìgbà yìí, ó ń rìn. Ọ̀sán kan, lásìkò òjò, ó wọlé pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́, omi ń kán lára rẹ̀, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ náà, ó gbé orí lé ọwọ́ rẹ̀. Mo ní, "Ó kù díẹ̀." Ó ní, "Mo mọ̀." Kò wò mí.

Oṣù kẹrin ọdún 2009 ni mo parí. Òtútù ti ń fi ìka kan ilẹ̀kùn. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn ìsìn ọ̀sán, mo gbé kẹ̀kẹ́ méjèèjì sọ̀ kalẹ̀ lájà mẹ́jọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì tì wọ́n dé àgbàlá ilé iṣẹ́ wa ní Doornfontein, tí Armando ti fún mi ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Sùtánà funfun ṣì wà lọ́rùn wa, a ò wọ bàtà. Mo di ti aró mú ṣinṣin.

"Ó yá, Àbẹ̀kẹ́. Gùn ún."

Ó dúró. Ó fi ọwọ́ kan ìjókòó náà, ó ra á bí ẹni ń ra orí ọmọ.

Ó ní, "Ta ló sọ fún yín pé mo mọ kẹ̀kẹ́ gùn?"

Mi ò lóye.

"Ọdún mélòó lẹ fi gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, Bàbá Rónkẹ́? Ìgbà wo lẹ fi ọwọ́ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ rí?"

Ẹ wò mí. Mo ti wọn ẹsẹ̀ obìnrin yìí, mo ti wọn apá rẹ̀, mo ti wọn àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ àti ìdí rẹ̀. Mo ka òkè tó ń gùn. Ohun kan ṣoṣo tí mi ò ṣe ni kí n bi í. Alátùn-únṣe kẹ̀kẹ́ ọgbọ̀n ọdún. Ẹ̀yìn mi ni mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò tíì yíjú wo bóyá ó mọ ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe níwájú.

Mo ní, "Kí ló dé tí o ò sọ láti ìgbà yìí?"

Ó ní, "Oorun ti padà sójú yín. Ṣé kí n wá gbà á lọ́wọ́ yín ni?"

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú sùtánà mi. Òun ló fà mí dìde. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ kọ́ mi."

Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta ni mo fi kọ́ ọ. Èkíní, ó ṣubú, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ bó, ó sì pe orúkọ ìgbọ̀nwọ́ ní Zulu ketekete, àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wa. Èkejì, mo di ẹ̀yìn ìjókòó mú, mo ń sáré tẹ̀ lé e, èémí ń sálọ. Ẹ̀kẹta, mo jù ú sílẹ̀, kò mọ̀. Ó gun kẹ̀kẹ́ náà láti ẹnu géètì dé róbọ́ọ̀tì, sùtánà rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́yìn, orúnkún rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ti ọmọdébìnrin. Ó tẹ pẹ́dà sẹ́yìn, ó dúró gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ṣe é. Ó yí i padà. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Mo ti gùn ún. Ẹ ṣeun, ọkọ mi. Ṣùgbọ́n ilé ni mò ń lọ."

Kò tíì pé oṣù kan tó fi lọ. Mi ò bá a lọ. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ dúró de bọ́ọ̀lù àgbáyé tí wọ́n máa gbá níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, pé iṣẹ́ máa pọ̀. Ojú ló ń tì mí. Odán wà nílé, ewúrẹ́ wà nílé, kí ni mo fẹ́ lọ sọ fún wọn.

Mo ti mọ̀ báyìí bí èèyàn ṣe ń dá sùn nínú yàrá. Kì í sùn. Kẹ̀kẹ́ méjèèjì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lẹ́bàá ògiri, mo ń fi aṣọ nu ti aró lójoojúmọ́. Igbe mi padà wá. Aládùúgbò gbá pátákó, kò sẹ́ni tó bò mí lẹ́nu. Nígbà tí bọ́ọ̀lù náà dé lọ́dún 2010, tí gbogbo ìgboro ń fun fèrè, mo ti fèrèsé, mo joyè ọba lórí bẹ́ẹ̀dì mi: ọba tí kò ní ìlú. Iṣẹ́ kò pọ̀. Armando ti padà sí Mòsáńbíìkì.

Rónkẹ́ pè mí láàárín ìgbà náà. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

"Bàbá mi, àwọn àbúrò màmá ń fi màmá ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ó lọ sókè òkun, ó gbé orúnkún wíwú bọ̀. Wọ́n ní kí ló rí níbẹ̀. Màmá kì í jáde mọ́."

Mo wo kẹ̀kẹ́ aró.

Mo ní, "Ṣé kò sọ fún wọn pé òun gun kẹ̀kẹ́ níbí ni?"

"Màmá? Kẹ̀kẹ́?"

"Kẹ̀kẹ́ aró. Èmi ni mo tò ó. Ó gùn ún ní àárín ìgboro Joburg, ó máa ń fi mí sẹ́yìn. Lọ sọ fún wọn."

Ní ìparí ọdún yẹn mo wá sílé. Kẹ̀kẹ́ méjèèjì, mo fi wọ́n fún àwọn ọkùnrin tó ń fa páálí. Ìjókòó ti aró nìkan ni mo tú, mo dì í sínú àpò. Mo kàn án mọ́ àpótí kan nílé, orí rẹ̀ ni Ìyá Rónkẹ́ ń jókòó sí bí ó bá ń bó ẹ̀gúsí. Àwọn ọmọ Rónkẹ́ á yí i ká, òun á máa sọ fún wọn bí sùtánà rẹ̀ ṣe ń fẹ́ lẹ́yìn títí dé róbọ́ọ̀tì. Mo ń gbọ́, mi ò já a.

Ẹ ti mọ̀ pé mi ò fi kẹ̀kẹ́ wá láti Joburg, kò sì sí kìnnìún kankan. Ìyẹn kọ́ ni irọ́ tí mo fẹ́ jẹ́wọ́. Èyí tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ ni ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta yẹn. Kò sí wọn. Ọjọ́ kan ṣoṣo la lọ sí àgbàlá yẹn. Nígbà tó ní kí n kọ́ òun, ó gun orí ìjókòó náà, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, ọwọ́ méjèèjì lórí itan, ó sì jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni ń dúró de ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ̀ kalẹ̀. Táyà náà kò yí. Ìyá Rónkẹ́ kò gun kẹ̀kẹ́ rí láyé rẹ̀. Èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀, lórí fóònù, lọ́jọ́ tí Rónkẹ́ pè, nítorí mi ò ní ohun mìíràn tí mo lè fi ránṣẹ́ sí i nílé.